Ẹnu Ọ̀nà Ni Mo Dúró Sí, Mo Ní Mo Dé Ilé Màmá Róòsì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ kú ìkàlẹ̀. Mi ò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni rí, àfi ìgbà tí mo fẹ́ fẹ́ ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n ohun kan wà láyà mi láti ìgbà òjò èṣí, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Bí mo bá ń jẹun, ó ń bẹ níbẹ̀. Bí mo bá gun alùpùpù mi, ó jókòó sẹ́yìn mi bí èrò tí kò fẹ́ sọ ibi tó ń lọ.

Obìnrin àgbàlagbà kan kò lè rìn mọ́ nítorí mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n sì dá lẹ́bi. Èmi ni mo ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, Fádà wa fẹ́ pè mí síwájú ìjọ láti gbé iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí mo bà jẹ́ léṣìí gan-an ni. Mo rò pé kò sí ẹni tó mọ̀. Mo rò bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Mi ò ní sọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Akpakpa, tí ẹ bèèrè zémìjàn tó mọ ilẹ̀ jù, èmi ni wọn yóò júwe fún yín. Zémìjàn ni ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ọlọ́kadà. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ní Cotonou. Ìwé mi kò kọjá kíláàsì kejì. Olùkọ́ ìjọ wa ní Pobè, ìlú tí wọ́n bí mi sí, ló kọ́ mi ní Yorùbá kíkà nínú ìwé orin. Ṣùgbọ́n àwọn tó kàwé dé òpin ló ń jókòó lẹ́yìn mi tí wọ́n ń bèèrè ọ̀nà. Mo kọ́lé ṣáájú ọ̀pọ̀ olùkọ́. Alùpùpù tí mo rà léṣìí, tuntun ni, kì í ṣe àlòkù, ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lórí ìjókòó. Kò sí vọ̀n kan ní Akpakpa tí táyà mi ò tẹ̀ rí. Vọ̀n ni à ń pe àwọn ọ̀nà oníyanrìn tó wọ àárín ilé lọ láti ojú títì ọlọ́dà.

Òótọ́ ni mò ń sọ. Òótọ́ yẹn náà ló pa mí.

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi yìí, Ṣọ̀láńjì ni orúkọ rẹ̀. Ó ka ìwé kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Bàbá Kékeré ló ń pè mí, nítorí pé èmi ni àbúrò bàbá rẹ̀. Léṣìí, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ aláàánú ìjọ wa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá wọn ṣe ohun kan. Lọ́dọọdún ni omi ń wọ ilé ní àdúgbò wa. Àwọn arúgbó tó ń dá gbé ni omi máa ń ká mọ́lé jù. Wọ́n wá fẹ́ kó orúkọ gbogbo arúgbó bẹ́ẹ̀ jọ sínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ibi tí ilé wọn wà gan-an, kí ó sì hàn lórí àwòrán ìlú nínú íńtánẹ́ẹ̀tì. Ilé kan, àmì pupa kan. Bí o bá fi ìka tẹ àmì náà, orúkọ arúgbó náà yóò jáde, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti bóyá ó lè rìn. Bí omi bá dé, àwọn ọ̀dọ́ tó ní ọkọ̀ ojú omi yóò ṣí i lórí fóònù wọn, wọn yóò sì tẹ̀ lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Mo kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní àwòrán Akpakpa wà lórí mi láti ọjọ́ pípẹ́, bátìrì rẹ̀ kì í sì í kú. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ní kí n gba apá Akpakpa nìyẹn. Arúgbó mọ́kàndínlógún ni wọ́n kọ fún mi.

Ṣọ̀láńjì gbé fóònù kan lé mi lọ́wọ́, ó sì kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣe é. Mo máa dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn arúgbó náà. Mo máa dúró títí róbótó kan lójú fóònù yóò fi di àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn náà ni mo máa wá tẹ̀ ẹ́, kí n sì ya fọ́tò ilẹ̀kùn náà. Ó ní ibi tí ẹsẹ̀ mi bá wà nígbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́ ni àmì náà yóò wà, fóònù náà kò mọ ohun mìíràn. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn mí pé ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀kan nínú àwọn arúgbó náà ni Màmá Róòsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi etí sí èyí. Nígbà tí mo kúrò ní Pobè wá sí Cotonou, tí mi ò ní ibi tí mo máa sùn, obìnrin yìí ló fún mi ní yàrá kan lẹ́yìn ilé rẹ̀. Kò bímọ fún bàbá mi, a kò bá ara wa tan. Èdè tí mo sọ ló gbọ́, ó ní, ọmọ ilé ni èyí. Òun nìkan ṣoṣo ló ń pè mí ní Àkànbí ní gbogbo Cotonou yìí. Títí dòní, bí ó bá pè mí bẹ́ẹ̀, àárẹ̀ ara mi á lọ sílẹ̀.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ mi. Nígbà tí mo jáde láàárọ̀, omi ti dúró nínú gbogbo vọ̀n. Kò jinlẹ̀ púpọ̀, dé orókùn ni. Ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ dúdú, ó ń rùn, mo sì wo alùpùpù mi. Mo wo ọ̀rá tó wà lórí ìjókòó rẹ̀. Mo ní, èmi kọ́ ni màá wọ inú ẹrẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ò gbé Cotonou, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Níbí, a kì í júwe ilé. Ẹnu vọ̀n là ń júwe. Bí o bá fẹ́ wá kí mi, màá ní kí o dúró lójú títì ọlọ́dà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ta kpayo, ìyẹn epo bẹntiróòlù inú ìgò. Màá ní kí o pè mí, kí n jáde wá mú ọ. Bí àlejò ṣe ń dé ilé wa nìyẹn. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ń gbé èrò dé ẹnu vọ̀n, tí ẹnì kan ń jáde wá pàdé wọn. Lójú tèmi, ẹni tó bá ti dé ẹnu vọ̀n ti délé.

Mi ò rò ó pé ẹni tí omi bá ká mọ́lé kò lè jáde wá pàdé ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí n rò ó. Èmi tí mo máa ń ro gbogbo nǹkan.

Bí mo ṣe dúró lójú títì nìyẹn, lábẹ́ agbòjò àwọn oníkpayo, ní ẹnu vọ̀n kọ̀ọ̀kan. Mo gbé fóònù sókè, róbótó di àwọ̀ ewé, mo tẹ̀ ẹ́. Mo lọ sí ẹnu vọ̀n tó kàn. Níbi tí arúgbó mẹ́ta ti ń gbé inú vọ̀n kan náà, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lójú kan. Ẹsẹ̀ mi kò kan omi.

Nígbà tí mo dé ẹnu vọ̀n Màmá Róòsì, mo pè é lórí fóònù. Mo ní mo wà níta, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ, bí omi bá dé, wọn yóò wá gbé e.

Ó ní, "Àkànbí, wọlé wá. Mo se ẹ̀wà."

Mo ní, "Màmá, ìyàwó kejì tí mo gùn wá yìí kò fẹ́ omi."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó tí kò lè wọlé ìyá ọkọ, ìyàwó kọ́ nìyẹn o." Lẹ́yìn náà ló súre fún mi. Mo ní àmín, mo sì lọ.

Iṣẹ́ tí àwọn tó gba àdúgbò mìíràn fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe, mo parí rẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Fádà dárúkọ mi ní ìdúpẹ́. Mo dìde, mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì, kí gbogbo ìjọ lè rí mi.

Ṣọ̀láńjì nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó wá bá mi nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bèèrè bóyá mo dé ẹnu ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun rí àmì mẹ́ta tó gun ara wọn lórí. Ó ní fọ́tò ilẹ̀kùn kò sí níbẹ̀.

Mo ní omi ló kó sí ojú kámẹ́rà. Mo wá gbé ohùn sókè. Mo ní, "Ṣé ìwọ tí wọ́n bí lánàá ni yóò wá fi Akpakpa hàn mí? Mo ní mo dé ibẹ̀."

Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Kékeré." Ó dìde, ó lọ.

Nígbà tó di oṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn, òjò ńlá rọ̀. Ẹni tó bá wà ní Akpakpa léṣìí kò ní gbàgbé rẹ̀. Mo kó ìyàwó àti àwọn ọmọ mi, mo gbé alùpùpù mi, a kọjá sí ọ̀nà Porto-Novo níbi tí ilẹ̀ ti ga. Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni mo fẹ́ sọ, nítorí náà màá sọ ọ́. Mi ò rántí Màmá Róòsì rárá.

Àwọn ọ̀dọ́ jáde pẹ̀lú ọkọ̀ wọn. Omi ti ká àwọn tiwa mọ́lé, nítorí náà àwọn tó wá, Cadjèhoun ni wọ́n ti wá, wọn ò mọ apá ọ̀dọ̀ wa rí. Àmì pupa inú fóònù ni ojú wọn. Wọ́n tẹ̀ lé e dé ẹnu vọ̀n Màmá Róòsì, níbi tí mo dúró sí lọ́jọ́ yẹn. Tábìlì oníkpayo ni wọ́n bá níbẹ̀, ó léfòó. Wọ́n pè, wọ́n pè. Wọ́n tẹ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kò wọlé, omi ti mu fóònù náà. Wọ́n rò pé ó ti sá lọ. Wọ́n yí ọkọ̀ padà.

Màmá Róòsì wà nínú ilé, lórí tábìlì ìjẹun, omi ń bọ̀ lókè. Ó wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ ọjọ́ kan títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Àwọn apẹja ló gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti gbé àwọn arúgbó méjìdínlógún yòókù jáde kí omi tó ga.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, kí omi tó ga, àwọn ará ilé kejì wá pè é pé kí ó jẹ́ kí àwọn pọ̀n ọ́n jáde. Ó kọ̀. Ó ní kí wọ́n máa lọ. Ó ní wọ́n ń bọ̀ wá gbé òun, Àkànbí òun ti kọ orúkọ òun.

Ó yè é. Ṣùgbọ́n òtútù wọ̀ ọ́ lára. Àyà rẹ̀ ń hùn títí dòní, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá gbé e lọ sí Pobè.

Nígbà tí omi fà, Fádà pe ìpàdé. Wọ́n fi àwòrán náà hàn lára ògiri gbọ̀ngàn ìjọ, ó tóbi, gbogbo wa rí i. Ọ̀dọ́ kan láti Cadjèhoun nawọ́ sí àmì Màmá Róòsì, ó ní ibí ni àwọn dé, kò sí ilé níbẹ̀. Fádà bèèrè pé ta ló fi àmì yìí síbí.

Mo jókòó ní ìlà iwájú. Kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe, Ṣọ̀láńjì ti dìde.

Ó ní, "Èmi ni, Fádà. Ọwọ́ mi ni àṣìṣe náà wà."

Mo rò pé ó gbà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Mo rò pé ó rò pé òun ló ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀. Ara mi fúyẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo irú ènìyàn tí mo jẹ́. Bí mo bá dákẹ́ nìkan, ìbá sàn. Mi ò dákẹ́. Mo dìde gẹ́gẹ́ bí àgbà. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ohun tí ẹsẹ̀ yín ò tẹ̀ lẹ ń fi ìka tẹ̀."

Àwọn ènìyàn kígbe pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá kan tún un sọ lẹ́yìn mi, ó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣọ̀láńjì wo ilẹ̀.

Wọ́n yọ ọ́ nínú ẹgbẹ́. Fádà ti kọ ìwé fún un tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n gbà á sí ọ́fíìsì kan ní Ganhi. Fádà gba ìwé náà padà. Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá rẹ̀, kò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta, nítorí èmi ni mo lọ sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ dójú ti ìdílé wa. Báyìí, abẹ́ agbòjò kan ní Ganhi ló ń jókòó sí, ó ń tẹ ìwé fún àwọn tí kò kàwé púpọ̀. Irú èmi.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo gbé èrò kan dé Ganhi. Fádà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé wọn yóò tún àwòrán náà ṣe kí òjò tó dé, èmi ni yóò sì ṣáájú gbogbo àwọn tó máa jáde, nítorí kò sí ẹni tó mọ Akpakpa bí èmi. Inú mi dùn. Mo ra fóònù tuntun. Mo ní kí n lọ bá Ṣọ̀láńjì kó bá mi ṣí àwòrán náà sórí rẹ̀, kí n lè máa fi han àwọn èrò mi. Àní mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìyẹn, láìtijú.

Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ti máa ń ṣe. Ó gba fóònù náà, ó tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí òun nìkan mọ̀, ó sì tẹ àmì Màmá Róòsì. Àpótí funfun kékeré kan yọ. Orúkọ Màmá wà níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, orúkọ kan tún wà. Mo kà á díẹ̀díẹ̀. Orúkọ mi ni. Ọjọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́ wà níbẹ̀, aago tí mo tẹ̀ ẹ́ wà níbẹ̀. Ó tẹ òmíràn. Orúkọ mi. Ó tẹ òmíràn. Gbogbo mọ́kàndínlógún, ojú títì ọlọ́dà ni gbogbo wọn wà, wọ́n tò tẹ̀ léra bí ẹyẹ orí wáyà.

Mo bi í pé láti ìgbà wo ló ti mọ̀.

Ó ní, "Láti ìrọ̀lẹ́ tí mo wá bá yín nílé."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo bi yín, Bàbá Kékeré. Ẹ ní ẹ dé ibẹ̀. Ṣé kí n wá pe àbúrò bàbá mi ní òpùrọ́ lójú ìjọ?"

Mo ní ṣùgbọ́n ó sọ pé òun ló ṣe é.

Ó ní, "Irọ́ kọ́ ni mo pa. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ ni ilé náà. Mo lè fi ẹsẹ̀ ara mi lọ wò ó, kí n tún un ṣe. Ẹ̀rù yín bà mí, mi ò lọ. Èmi náà jẹ̀bi." Ó gbé fóònù padà fún mi. Ó ní, "Ọjọ́ gbogbo ni mo lè pa orúkọ yín rẹ́ níbẹ̀. Mi ò pa á rẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ rí i fúnra yín."

Oníbàárà kan dé, ó yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Kò tún wojú mi mọ́.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Màmá Róòsì ń pè mí láti Pobè. Ó máa ń sọ pé, bí kì í bá ṣe Àkànbí tó kọ orúkọ òun, ta ni ìbá tún rántí òun? Ó máa ń ní kí n bá òun sọ fún ọmọdébìnrin tó ṣi àmì náà fi sílẹ̀ pé òun ti dárí jì í. Èmi á ní àmín. Ọdún kan ni mo fi ń ṣe àmín sí i.

Lánàá mo ṣe ohun tí mi ò ṣe léṣìí. Mo gbé alùpùpù mi sójú títì, mo bọ́ bàtà, mo sì fi ẹsẹ̀ wọ vọ̀n náà. Mo ń ka ìṣísẹ̀ mi. Láti ibi tí mo dúró sí lọ́jọ́ náà dé ẹnu ilẹ̀kùn Màmá Róòsì, igba ìṣísẹ̀ ó lé mẹ́tàlá ni. Mo ti mú èrò rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Àgádágodo wà lára ilẹ̀kùn náà, ìlà omi sì wà lára ògiri, ó ga dé àyà mi.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ọmọ Màmá Róòsì sọ pé àyà ìyá òun kò lágbára, kí a má sọ ohun tó le fún un. Bí mo bá sọ ọ́, ó lè pa á. Bí mi ò bá sọ ọ́, irọ́ mi ni yóò bá lọ sínú sàréè, yóò sì máa fi ẹnu rẹ̀ súre fún mi lọ. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá? Ṣé òun ni, àbí Fádà, àbí ẹ̀gbọ́n mi tó bínú sí ọmọ rẹ̀ nítorí mi? Báwo ni àgbà ṣe ń kúnlẹ̀ bẹ ọmọ tó bí sílé? Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mi ò sì bèèrè ọ̀nà rí láyé mi.

Ọjọ́ Àìkú ti sún mọ́lé, wọn yóò sì dárúkọ mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ó tó tó bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá sọ, màá gbà á. Kìkì pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n dákẹ́. Ìyẹn ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù ní gbogbo Akpakpa.